Ìràwọ̀ Onírù Lẹ́bàá Nẹ́búlà: Bí A Ṣe Ń Ya Ohun Méjì Tí Kò Jọ Rìn

Ẹ kú àpéjọ o, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ojú ọ̀run. Àwọn àgbà ní Àgùàlà ń bá òṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló wà nídìí iṣẹ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Nígbà tí ìràwọ̀ onírù (comet), bọ́ọ̀lù yìnyín àti eruku tó ń yí oòrùn ká, bá ń kọjá lẹ́bàá nẹ́búlà, ìyẹn kùrukùru gáàsì àti eruku tó ń tàn yòò láàárín ìràwọ̀, ojú wa á máa wò wọ́n bí ọ̀rẹ́ méjì tó jọ jókòó. Wọn ò súnmọ́ ara wọn rárá. Nẹ́búlà Orion, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní M42, jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ń lo nǹkan bí 1,340 ọdún lójú ọ̀nà. Ìmọ́lẹ̀ tí lẹ́ǹsì wa ń gbà lálẹ́ òní ti gbéra tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó tẹ Ìbàdàn dó ní 1829. Ìràwọ̀ onírù tó bá wà ní mílíọ̀nù 75 kìlómítà sí wa, ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ ń lò.

Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun ojoojúmọ́, kì í sì í dúró deni. Ní oṣù Kẹjọ 2018, ìràwọ̀ onírù 21P/Giacobini-Zinner kọjá lẹ́bàá nẹ́búlà méjì tí wọ́n ń pè ní Heart àti Soul. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, 46P/Wirtanen kọjá lẹ́bàá Pleiades, agbo ìràwọ̀ tí eruku aláwọ̀ búlúù yí ká. Alẹ́ méjì, bóyá mẹ́ta, ni ẹ máa ń ní. Ẹni tí kò bá ti múra sílẹ̀ ṣáájú, àwòrán ẹlòmíràn ni yóò máa wò.

Ohun tó mú kí iṣẹ́ náà le ni pé ohun méjì tó ń sáré ní ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ fẹ́ kó sínú fọ́tò kan, kí méjèèjì sì ṣe kedere. Kò sí bọ́tìnì kankan lára kámẹ́rà tó ń ṣe é. Ìṣirò tí ẹ bá ṣe nílé kí ẹ tó jáde, àti sùúrù tí ẹ bá ní nídìí kọ̀ǹpútà nígbà tí ẹ bá dé, ni yóò ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìwọ̀n. Bí a bá pín dígírì kan sí ọ̀nà 3,600, ìpín kan ni à ń pè ní arcsecond. Nítorí pé ayé ń yí, ìràwọ̀ tó wà nítòsí agbedeméjì ojú ọ̀run, ìyẹn ìlà tó gba òkè agbedeméjì ayé kọjá, ń sún ní arcsecond 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. M42 kò ju dígírì márùn-ún àti díẹ̀ lọ sí gúúsù ìlà yẹn, nítorí náà kò sí ẹ̀dínwó eré fún un. Láti mọ iye ojú ọ̀run tí píksẹ́lì yín kan, ìyẹn ojú kékeré kan lára sẹ́ńsọ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, ń kó, ẹ mú ìwọ̀n píksẹ́lì náà ní micron (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), ẹ fi 206 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi gígùn lẹ́ǹsì ní mìlímítà, ìyẹn nọ́ḿbà mm tí wọ́n kọ sára rẹ̀, pín in. Píksẹ́lì kámẹ́rà Canon 600D jẹ́ micron 4.3, bí ẹ bá fi lẹ́ǹsì 200 mm sí i, píksẹ́lì kan ń kó arcsecond 4.4. Férémù yín á fẹ̀ ní dígírì 6.4, á sì ga ní dígírì 4.3. M42 kò ju bíi dígírì kan lọ, nítorí náà àyè wà fún ìràwọ̀ onírù àti ìrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kámẹ́rà bá dúró gbọin lórí tripod, ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá kò ní pé tí ìràwọ̀ á ti kúrò lórí píksẹ́lì rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi nílò tracker, ẹ̀rọ kékeré tó ń yí kámẹ́rà tẹ̀lé ìràwọ̀, irú bíi Star Adventurer tàbí SkyGuider Pro. Ẹni tí kò bá tíì ní in lè fi lẹ́ǹsì 24 mm ya ojú ọ̀run gbòòrò ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí méje, kí ó sì ya ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ìlànà “500” tí wọ́n máa ń kọ́ni, pé kí a fi gígùn lẹ́ǹsì pín 500, ọjọ́ fíìmù ni ó bá mu. Ó ń fún ìràwọ̀ láyè àtifà gùn jù lórí sẹ́ńsọ̀ òde òní.

Tracker ń tẹ̀lé ìràwọ̀. Kò mọ ìràwọ̀ onírù rí. Ká ní ìràwọ̀ onírù wa ń sún dígírì méjì lóòjọ́ láàárín àwọn ìràwọ̀ yòókù. Dígírì méjì jẹ́ arcsecond 7,200. Ẹ fi wákàtí 24 pín in, ó di 300 ní wákàtí kan, 5 ní ìṣẹ́jú kan. Lórí píksẹ́lì 4.4 wa yẹn, fọ́tò oní-ìṣẹ́jú kan á gbé e kọjá píksẹ́lì kan àti díẹ̀, ojú kò sì ní rí i. Fọ́tò oní-ìṣẹ́jú márùn-ún á fa orí rẹ̀ gùn bíi hóró ìrẹsì. Láàárín wákàtí kan, ó ti rìn píksẹ́lì 68. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ìwọ̀n eré yìí kì í dọ́gba fún ìràwọ̀ onírù méjì, bẹ́ẹ̀ ni kì í dọ́gba fún ẹyọ kan náà lọ́sẹ̀ méjì. Ẹ lọ wò ó lórí JPL Horizons ti NASA, níbi tí wọ́n ti ń kọ ipò rẹ̀ wákàtí sí wákàtí. Bí ẹ bá ń lo Stellarium, ètò tó ń fi ojú ọ̀run hàn lórí kọ̀ǹpútà, ẹ gba òǹkà ìrìn rẹ̀ tuntun láti Minor Planet Center ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ jáde gan-an. Gáàsì tó ń tú jáde lára ìràwọ̀ onírù máa ń tì í díẹ̀díẹ̀, òǹkà oṣù mẹ́fà sẹ́yìn sì lè gbé e sí ibi tí kò sí. Ẹ ṣọ́ra fún ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ (magnitude) tí wọ́n kọ síbẹ̀ náà. Ìràwọ̀ onírù tí wọ́n bá kọ 8 sí lára kò ní hàn bí ìràwọ̀ lásán tó jẹ́ 8, torí pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti tàn káàkiri bí ẹ̀kọ tí a bomi là.

Ní ti Ìbàdàn wa, dígírì 7.4 sí àríwá agbedeméjì ayé la wà, oore ńlá sì ni. M42 ń gun dígírì 77 lójú ọ̀run wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àtàrí. Ará London kì í rí i ju dígírì 33 lọ. Nẹ́búlà Carina, tí kì í yọ rárá lójú ará London, ń dé dígírì 23 níhìn-ín. Àmọ́ Polaris, ìràwọ̀ àríwá tí gbogbo ìwé ìtọ́nisọ́nà ní kí ẹ kọjú tracker sí, kò ga ju bíi dígírì mẹ́jọ lọ. Ìkúùkù kan tí ẹ nà síwájú ojú ti bò ó mọ́lẹ̀. Òrùlé páànù, igi máńgòrò, èéfín àti ọyẹ́ máa ń gbé e mì pátápátá.

Ibí ni ọ̀pọ̀ alẹ́ ti ń bàjẹ́. Bí tracker bá fi dígírì kan ṣì ọ̀nà, ìràwọ̀ lè sún tó arcsecond 15 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn píksẹ́lì mẹ́ta àti ààbọ̀. Bí àṣìṣe náà bá wálẹ̀ sí ìdá mẹ́rin dígírì, kò tó píksẹ́lì kan mọ́. Nítorí náà ẹ wá ibi tí àríwá ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí Polaris kò bá jáde síbẹ̀, NINA, ètò ọ̀fẹ́ orí kọ̀ǹpútà, ní ohun àfikún kan tí wọ́n ń pè ní Three Point Polar Alignment. Á ya fọ́tò ní ibi mẹ́ta lójú ọ̀run, á dá àwọn ìràwọ̀ inú wọn mọ̀, á sì sọ fún yín iye tí ẹ ó yí tracker sókè tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò bìkítà fún Polaris. Ẹ má gbọ́kàn lé kọ́ńpáàsì inú fóònù, torí irin ara tripod àti mọ́tò tí ẹ gbé sítòsí ń tàn án jẹ.

Ohun kan tún wà tí ìwé àwọn òyìnbó kì í sọ. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pá tí tracker fi ń yí fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ gbalaja, nítorí náà ọ̀pá ìwọ̀n tó ń gbé òdìkejì kámẹ́rà lè lọ gbá ẹsẹ̀ tripod láàárín òru. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fọwọ́ yí i láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ oòrùn kí ẹ rí i pé kò kan ohunkóhun. Bí ó bá kan, ẹ yí tripod títí ọ̀pá náà á fi máa gba àárín ẹsẹ̀ méjì kọjá.

Ní ti ibi tí ẹ ó lọ, ẹ wo ibi tí nẹ́búlà yín wà. Fún M42, tó ń gun àtàrí, apá Mọ́níyà àti ojú ọ̀nà Ìsẹ́yìn dára, torí pé ẹ óò ti fi iná Mọ́kọ́lá àti Bódìjà sẹ́yìn. Fún Carina tàbí nẹ́búlà mìíràn tó sùn sí gúúsù, ẹ má lọ síbẹ̀, torí pé gbogbo iná ìlú ni yóò wà láàárín yín àti ohun tí ẹ fẹ́ yà. Apá Ìdí Ayunrẹ́ ló kàn. Etí omi Aṣéjìrè ṣókùnkùn dáadáa, ṣùgbọ́n ìrì á bo lẹ́ǹsì yín. Ẹ mú okùn amúlẹ́ǹsì-gbóná tó ń jẹ iná power bank lọ́wọ́. Níbikíbi tó bá jẹ́, ẹ lọ kí baálẹ̀ lójúmọmọ, ẹ fi kámẹ́rà hàn án, ẹ sọ wákàtí tí ẹ ó dé àti ìgbà tí ẹ ó lọ. Àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ abúlé ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí àwọn ènìyàn tó ń tan iná pupa ń ṣe nínú oko ní aago méjì òru. Ẹ má dá lọ.

Orion, agbo ìràwọ̀ tí M42 wà nínú rẹ̀, ń hàn dáadáa ní alẹ́ láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kẹta, àkókò ọyẹ́ sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Eruku ọyẹ́ kì í jẹ́ kí ìrù hàn. Á kọ́kọ́ jẹ ìrù kí ó tó jẹ orí. Alẹ́ tó tẹ̀lé òjò tó fọ ojú ọ̀run ni kí ẹ máa ṣọ́, ìbáà ṣe ní ìparí òjò tàbí nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé. Nínú ọyẹ́, ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nu lẹ́ǹsì. Ẹ fi rọ́bà afátẹ́gùn fẹ́ eruku kúrò ná, torí iyanrìn wẹ́wẹ́ ni, ó sì ń ha gíláàsì.

Oṣù tún kan gígùn ìrù. Ìrù máa ń kọ ẹ̀yìn sí oòrùn. Ní àárín oṣù Kejìlá, ọ̀gànjọ́ òru ni Orion ń wà lókè, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú kọ oòrùn láti ìhà kejì. Ìràwọ̀ onírù tó bá wà níbẹ̀ nígbà náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìrù ń gbà lọ, lọ́nà jíjìn sí wa, á sì dà bíi pé ó kúrú. Bí ó bá jẹ́ oṣù Kejì tàbí Ìkẹta ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbẹ́ la ti ń wò ó, ìrù á sì nà jáde. Ẹ ronú èyí kí ẹ tó gbé férémù kalẹ̀: ẹ fi àyè sílẹ̀ níhà tí ìrù dojú kọ, kí ẹ má fi orí rẹ̀ sí àárín gbùngbùn.

Nígbà tí ẹ bá dé ibẹ̀, ìfojúsí lẹ́ǹsì (focus) ló kọ́kọ́. Ẹ wá ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀, Rigel wà nítòsí, ẹ gbé ojú kámẹ́rà tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá, ẹ yí òrùka lẹ́ǹsì títí ìràwọ̀ á fi kéré jù, kí ẹ sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Ẹ tún un wò ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, torí afẹ́fẹ́ tó ń tutù ń sún un. Ẹ dín ihò lẹ́ǹsì kù láti f/2.8 sí f/4 kí ìràwọ̀ igun férémù má bàa ní ìyẹ́. RAW, fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì fọwọ́ kàn, ni kí ẹ fi pamọ́, ISO (ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè) 800 tàbí 1600, ìṣẹ́jú àáyá 60. Ẹ wo òkè kékeré inú àwòrán ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ (histogram) lójú kámẹ́rà: kí ó wà ní bíi ìdá mẹ́rin sí ìdá mẹ́ta láti ọwọ́ òsì. Bí iná ìlú bá tì í dé àárín, ẹ dín ISO tàbí àkókò kù.

Àárín M42 á jóná funfun nínú fọ́tò oní-60. Ìràwọ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní Trapezium wà níbẹ̀, wọn ò sì ní hàn. Ẹ ya mẹ́ẹ̀ẹ́dógún oní-ìṣẹ́jú àáyá 5 àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún oní-15 fún wọn lọ́tọ̀. Fún iṣẹ́ gan-an, wákàtí méjì ni kí ẹ fojú sí, kì í ṣe kan. Ẹ rántí píksẹ́lì 68 tí a sọ ṣáájú: bí orí ìràwọ̀ onírù bá fẹ̀ tó arcsecond 300, odindi wákàtí kan ló gbà á kó tó kúrò lójú ibi tó jókòó sí. Láàárín fọ́tò márùn-ún márùn-ún, ẹ sún kámẹ́rà díẹ̀ kí àbùkù sẹ́ńsọ̀ má bàa jókòó sí ibì kan. Òru Ìbàdàn kì í tutù, sẹ́ńsọ̀ gbígbóná sì ń bí àmì pupa àti búlúù rẹpẹtẹ.

Filter, gíláàsì asẹ́-ìmọ́lẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń rà nítorí iná ìlú, irú èyí tó ń gba kìkì pupa háídrójìn ní 656 nanometer àti àwọ̀ ewé ọ́síjìn ní 501, ẹ yọ ọ́ kúrò. Nẹ́búlà á fẹ́ràn rẹ̀, ìràwọ̀ onírù á kú sí i. Àwọ̀ ewé orí ìràwọ̀ onírù ń wá láti inú kábọ̀n alátọ́ọ̀mù méjì, tó ń tàn jù nítòsí 514, ìrù gáàsì rẹ̀ sì jẹ́ búlúù. Kò sí èyí tó gba ojú ihò tóóró yẹn kọjá nínú wọn.

Kí ẹ tó palẹ̀ mọ́, ẹ dé lẹ́ǹsì, ẹ ya 25 nínú òkùnkùn ní ISO àti àkókò kan náà, kí ètò kọ̀ǹpútà lè fi yọ àmì sẹ́ńsọ̀ gbígbóná kúrò. Ní àárọ̀, láìyí òrùka lẹ́ǹsì, ẹ fi singlet funfun bo ojú rẹ̀, ẹ ya 25 sí ojú ọ̀run fún àtúnṣe òkùnkùn igun férémù. Ẹ má fò ó.

Wàyí o, ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Wọ́n máa ń sọ fúnni pé: ẹ to fọ́tò léra, ìyẹn ni pé kí ètò kọ̀ǹpútà pa gbogbo wọn pọ̀ di ẹyọ kan, lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan lórí ìràwọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lórí ìràwọ̀ onírù, kí ẹ pa wọ́n pọ̀. Siril àti DeepSkyStacker, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ń ṣe é: ẹ tọ́ka sí orí ìràwọ̀ onírù nínú fọ́tò àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn, ètò náà á fi wákàtí tí kámẹ́rà kọ sára fọ́tò ṣírò àwọn tó wà láàárín. (Ẹ má tún aago kámẹ́rà ṣe láàárín iṣẹ́, ìṣirò náà á dàrú.) Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí ojú ọ̀run bá ṣófo. Lẹ́bàá nẹ́búlà, kò tó.

Ẹ jẹ́ ká wo píksẹ́lì kan ṣoṣo kí ẹ rí ìdí rẹ̀. Ká ní ẹ ti to 60 fọ́tò léra lórí ìràwọ̀ onírù, ẹ sì ń ka nọ́ḿbà tí píksẹ́lì náà gbé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìràwọ̀ kan gba ibẹ̀ kọjá: nínú 57, nọ́ḿbà náà jẹ́ bíi 400, nínú mẹ́ta, ó fò sí 9,000. Ètò náà á rí i pé mẹ́ta yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn yòókù, á yọ wọ́n dànù, ìràwọ̀ á sì parẹ́. Ṣùgbọ́n nẹ́búlà fẹ̀. Nígbà tí òun bá ń gba orí píksẹ́lì náà kọjá, nọ́ḿbà á máa jẹ́ 700, 705, 711, 716, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ nínú gbogbo 60. Kò sí ọ̀kan tó yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì sí ohun tí ètò náà lè yọ. Gbogbo rẹ̀ á wà níbẹ̀, ní fífà gùn, bí epo tí wọ́n fọwọ́ nù lára ògiri. Bí ẹ bá wá gbé nẹ́búlà tó mú ṣáṣá lé orí rẹ̀, nẹ́búlà méjì ni ẹ ní.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ẹ yọ nẹ́búlà kúrò nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tò wọ́n léra lórí ìràwọ̀ onírù. Ẹ kọ́kọ́ to gbogbo fọ́tò lórí ìràwọ̀. Ẹ wá ṣe àwòrán nẹ́búlà kan tí ìràwọ̀ onírù kò sí nínú rẹ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn fọ́tò náà. Ohun tó kù jẹ́ ìràwọ̀ onírù lórí ilẹ̀ dúdú. Èyí ni ẹ óò tò léra lórí rẹ̀. CometAlignment inú PixInsight, tí wọ́n ń tà, ń ṣe ìyọkúrò náà fúnra rẹ̀. Nínú Siril, àṣẹ isub wà tí ẹ lè kọ sínú script. Ohun méjì ló máa ń ba èyí jẹ́. Àkọ́kọ́, ojú ọ̀run kì í mọ́lẹ̀ bákan náà láti aago mẹ́sàn-án dé mọ́kànlá, nítorí náà ẹ mú kí ìmọ́lẹ̀ gbogbo fọ́tò dọ́gba ṣáájú. Èkejì, bí ìyọkúrò bá bọ́ sísàlẹ̀ òdo, ètò náà lè gé e sí òdo, ìrù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ á sì bá a lọ. Ẹ fi nọ́ḿbà kékeré kan kún gbogbo fọ́tò kí ẹ tó yọ.

Àwòrán nẹ́búlà tí ìràwọ̀ onírù kò sí nínú rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀nà tó dáa jù ni pé kí ẹ padà lọ lẹ́yìn alẹ́ mẹ́ta. Ìràwọ̀ onírù wa yẹn á ti sún dígírì mẹ́fà, nẹ́búlà á ṣì wà níbi tí ó wà. Lẹ́ǹsì kan náà, ISO kan náà, kámẹ́rà ní ìdojúkọ kan náà: ẹ fi téèpù sàmì sí bí kámẹ́rà ṣe yí lórí tracker ní alẹ́ àkọ́kọ́.

Níbi ìpapọ̀, ọ̀pọ̀ máa ń lo ọ̀nà tó ń mú èyí tó bá mọ́lẹ̀ jù nínú píksẹ́lì méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Níbi tí ìrù bá ti gba orí nẹ́búlà kọjá, nẹ́búlà ló mọ́lẹ̀ jù, ìrù á sì kú síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ẹwà àwòrán náà wà. Ìmọ́lẹ̀ méjì tó bá bọ́ sójú kan náà, àròpọ̀ ni. Ẹ ro méjèèjì pọ̀ kí ẹ tó fa ìmọ́lẹ̀ wọn sókè, lẹ́yìn náà kí ẹ fà wọ́n lápapọ̀. Bí ẹ bá ń yọ iná ìlú kúrò, ọwọ́ ni kí ẹ fi yan àwọn ibi òfìfo tí ètò náà ó wò. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún un, á ka ìrù sí iná ìlú, á sì gbá a dànù.

Lábẹ́ àwòrán náà, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí ẹ ti yà á, lẹ́ǹsì, iye fọ́tò àti àkókò ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí nẹ́búlà bá jẹ́ ti alẹ́ mìíràn, ẹ kọ ìyẹn náà ní kedere: “ìràwọ̀ onírù, alẹ́ àkọ́kọ́, 120 × 60, nẹ́búlà, alẹ́ kẹrin, 90 × 60, 15 × 15, 15 × 5”. Ẹ sì tọ́jú àwọn RAW sórí díísìkì méjì, torí ètò tó ń yọ nẹ́búlà dáadáa ju ti òní lọ lè jáde lọ́dún tó ń bọ̀, ìràwọ̀ onírù yẹn ò sì ní padà wá dúró lẹ́bàá M42 fún yín.